Ẹ Bi Wá: Ọ̀kadà lórí òkè Himalaya, ẹ má sáré gùn ún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Chandigarh ni mo ti ń kàwé ní Íńdíà níbí, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin la fẹ́ háyà máṣíìnì tá a bá parí ìdánwò ká fi lọ sí Spiti, àwọn abúlé orí òkè tí gbogbo èèyàn ń gbé fọ́tò ẹ̀ káàkiri yẹn. Ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ ọmọ Íńdíà ní ká gba Manali torí pé ọjọ́ kan péré la máa fi dé Kaza, ìlú tó tóbi jù ní Spiti, láti ibẹ̀. Ẹlòmíì ní AS lòun, ẹ̀rù ń bà á díẹ̀, àwọn tó kù ní kó gbàgbé ìyẹn. Kí lẹ rí sí i? — Ọmọ Ìbàdàn

Ìdáhùn: Àbúrò mi, Shimla ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ẹ fi Manali sílẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Òótọ́ lọ̀rẹ́ yín sọ, ọ̀nà Manali yá, àmọ́ yíyá tó yá yẹn gan-an ni wàhálà ẹ̀. Manali ga tó nǹkan bíi 2,000 mítà, tẹ́ ẹ bá gbéra níbẹ̀ láàárọ̀ ẹ ó gba inú Atal Tunnel tí wọ́n ṣí lóṣù kẹwàá 2020, kìlómítà mẹ́sàn-án lábẹ́ òkè, ẹ ó yọ sódì kejì, ẹ ó gun Kunzum, ibi tí títì ti gba orí òkè kọjá, tó ga ju 4,500 mítà lọ, kílẹ̀ tó ṣú ẹ ti fẹ́ sùn ní Kaza níbi tó ga ju 3,600 mítà, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Atẹ́gùn tó wà lórí Kunzum, díẹ̀ ló fi ju ìdajì èyí tá à ń mí l'Ékòó lọ. Orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, èèyàn ò ní rí oorun sùn, èyí tó le jù níbẹ̀ ni kí omi wọnú ẹ̀dọ̀fóró tàbí kí ọpọlọ wú, ìyẹn sì ń pààyàn. Àwọn dókítà sọ pé tẹ́ ẹ bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tẹ́ ẹ máa sùn lálẹ́ má fi ju nǹkan bíi 500 mítà ga ju ti àná lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn.

Ọ̀nà Shimla ní tiẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé yín gòkè. Ẹ ó kọjá Narkanda, ẹ ó máa bá odò Sutlej lọ títí ẹ ó fi wọ agbègbè Kinnaur níbi tí wọ́n ti gbẹ́ títì sára àpáta, àpáta lókè orí yín, ọ̀gbun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, odò ń hó nísàlẹ̀. Ẹ sun oorun méjì ní Kalpa, ẹ jọ̀ọ́, kí ara yín lè mọ́ ọn, ẹ ó jí rí òkè Kinnaur Kailash pẹ̀lú yìnyín lórí ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn ẹ̀ ló kan Nako, kó tó kan Tabo, ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 996, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀ di bá a ṣe ń sọ yìí, ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ máa lọ. Torí pé títì yẹn sún mọ́ bọ́dà Ṣáínà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ọmọ Íńdíà gbọ́dọ̀ gba páámíìtì, ẹ lè gbà á ní Shimla tàbí Reckong Peo. Ẹ má lọ lóṣù keje àti oṣù kẹjọ, òjò máa ń já òkè lulẹ̀ níbẹ̀, lóṣù kẹjọ 2021 òkè ya lu bọ́ọ̀sì àtàwọn mọ́tò míì ní Nigulsari ní Kinnaur, èèyàn 28 ló kú. Ìparí oṣù kẹsàn-án ló dáa jù lójú tèmi.

Ọ̀rọ̀ AS yẹn wá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé AS kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ AS ló sì ti gun òkè tó bọ̀ láyọ̀. Àmọ́ níbi tí atẹ́gùn ò ti tó, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ AS náà lè tẹ̀ bí dòjé, ó sì lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí spleen, ìyẹn ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọmọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Kó lọ rí dókítà kẹ́ ẹ tó sanwó máṣíìnì kankan, tó bá sì lọ, tí ìhà òsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lókè ọ̀hún, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé AS ni. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó má dé ibẹ̀ rárá.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà fẹ́ gun máṣíìnì lọ síbẹ̀, ó fi fídíò kan hàn mí, omi ń ṣàn gba ojú títì kọjá, àyà mi já. Ṣé kí n gbà fún un? — Ìyá Bọ́láńlé, Ìlọrin

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, Màámi. Omi tẹ́ ẹ rí yẹn, yìnyín ló ń yọ́ lókè, láàárín Batal àti Gramphu lójú ọ̀nà Manali sí Kaza ló pọ̀ sí. Láàárọ̀ kùtù tí òtútù ṣì mú yìnyín dáadáa, omi náà kéré, ó lè má ju kókósẹ̀ lọ, tó bá fi máa di ọ̀sán tí oòrùn ti ń pa yìnyín, omi kan náà lè dé orúnkún, kó máa yí òkúta nísàlẹ̀. Ẹ bi í pé aago mélòó ni wọ́n máa ń gbéra. Tó bá ní aago mẹ́wàá, ẹ ní kó lọ tún un ṣe, ìdájí ni. Kí ẹnì kan kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn kọjá káwọn tó kù lè mọ ibi tó jìn, kí ẹni tó ń gùn ún wà ní jíà àkọ́kọ́, kó má tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ láàárín omi, kó sì gbójú lé òdìkejì, torí ẹni tó bá ń wo omi, inú omi náà ló máa forí lé. Tó bá dá yín lóhùn gbogbo ẹ̀ láìkọsẹ̀, Màámi, ẹ gbà fún un kẹ́ ẹ sì gbàdúrà fún un.

Ìbéèrè: Bajaj ni mò ń gùn l'Óṣogbo, Íńdíà náà ló sì ti wá. Ṣé ó lè gun irú òkè yẹn? — Ọlọ́kadà

Ìdáhùn: Ó lè gùn ún, ẹ̀gbọ́n, àwọn ará ibẹ̀ ń gun èyí tó kéré jùyẹn lọ. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ṣe ń gòkè, ẹ́ńjìnnì á máa sọ agbára nù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ní 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń lo kabúrétọ̀, epo á pọ̀ ju atẹ́gùn lọ nínú ẹ̀, púlọ́ọ̀gì á dúdú, á máa wú ikọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń háyà Himalayan, máṣíìnì Royal Enfield kan tí kì í lo kabúrétọ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré ni kẹ́ ẹ fi dá a dúró, ẹ má tẹ bíréèkì ṣáá, ó máa gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Apá òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ o, bíi tiwa kó tó di oṣù kẹrin 1972, ẹni tó ń gòkè lòfin sì ní kí ẹni tó ń sọ̀ yà fún. Ní gbogbo kọ́nà, ẹ fọn fèrè, kò séèyàn tó máa bínú, ẹ̀yìn tírélà gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kẹ́ ẹ fọn ọ́n. Láti Kaza títí dé Manali, nǹkan bíi 200 kìlómítà, ẹ má retí ilé epo kankan lójú ọ̀nà, ẹ kún táǹkì ní Kaza kẹ́ ẹ sì gbé lítà márùn-ún dání nínú kẹ́ẹ̀gì tí ọmọrí ẹ̀ dé dáadáa.