Ìbéèrè Yín: Ọmọ Mi Ní Kí N Wá Wo Bọ́ọ̀lù ní Allen Fieldhouse

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Missouri níbí ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Àbíkẹ́yìn wa wọ Yunifásítì Kansas ní ìlú Lawrence lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nìkan ló ń bá wa sọ. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa méjèèjì pé ká wá wo eré ní Allen Fieldhouse, gbọ̀ngàn eré ilé-ìwé wọn, nínú oṣù Kejì. Mi ò mọ nǹkan kan nípa eré yìí. Mo ti pé ẹni ọdún 61, orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, ariwo kì í sì í bá mi lára mu. Ọkọ mi ní ká jẹ́ kí eré ti bẹ̀rẹ̀ ká tó wọlé, kí èrò ẹnu ọ̀nà ti rọlẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ká ṣe? Mi ò fẹ́ ṣe ohun tó máa dójú ti ọmọ mi láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. — Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, mà. Ẹ bá mi bẹ Bàbá, kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá máa pàdánù nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìparí eré. Ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ ṣeré.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì lágbègbè ibẹ̀ kí n tó kó kúrò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì wọ gbọ̀ngàn náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibi iṣẹ́ ni mo ti lọ tààrà, mo sì pẹ́. Láti ibi tí mo gbé mọ́tò sí ni mo ti ń gbọ́ ìró wọn. Nígbà tí mo fi máa rí àyè jókòó, bébà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ti kún ilẹ̀, ó wà lórí irun àwọn èèyàn, ó wà léjìká wọn. Mo bi obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú mi, ó ní, "Wàá tún wá." Mo tún lọ lóòótọ́, mo sì dé ní wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú eré.

Ohun tí mo pàdánù lọ́jọ́ kìíní nìyí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á dìde, wọ́n á kọ orin ilé-ìwé wọn. Bí orin yẹn bá ṣe ń parí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì: "Rock Chalk, Jayhawk, K-U." Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á fà á gùn, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n kò ní kánjú rárá. Èèyàn tó lé ní 15,000, ohùn kan ṣoṣo, kò sí ìlù, kò sí fèrè. Mo ti gbọ́ ègbè lóríṣiríṣi láyé mi, èyí yẹn mú kí ara mi bù máṣọ. Olùkọ́ kẹ́mísìrì kan níbẹ̀ ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1886. "Rah, Rah" ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ké, nígbà tó yá ni wọ́n fi "Rock Chalk" rọ́pò rẹ̀, ìyẹn òkúta ẹfun tó wà lórí òkè tí ilé-ìwé náà jókòó lé. Jayhawk ni ẹyẹ wọn, ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè rí nínú igbó kankan. Ẹ ní kí ọmọ yín kọ́ yín ní oríkì yìí lórí fóònù kí ẹ tó dé. Inú rẹ̀ á dùn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á máa pe orúkọ àwọn àlejò, ìyẹn ẹgbẹ́ tó wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ṣí ìwé ìròyìn bojú, bí ẹni pé wọn kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé. Tó bá wá kan àwọn ọmọ tiwọn, wọ́n á ya ìwé ìròyìn náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á dà á sókè. Bébà tí mo bá lórí irun àwọn èèyàn nìyẹn.

Ní ti ariwo, mi ò ní purọ́ fún yín. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 2017, nígbà tí wọ́n bá ẹgbẹ́ West Virginia gbá, wọ́n wọn ariwo ibẹ̀ dé 130.4 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìró. Mo ti jókòó síbẹ̀ tí pákó ìjókòó ń gbọ̀n lábẹ́ mi, tí mo sì ń gbọ́ ìró náà nínú eyín. Ẹ ra rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń dí etí, kí ẹ fi méjì-méjì sínú àpò, ti Bàbá náà. Kì í ṣe àrífín sí ẹnikẹ́ni. Ariwo náà kì í sì í le bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó máa ń ru sókè, á sì rọlẹ̀.

Ẹ pe ọmọ yín lónìí kí ẹ bi í pé ìlà wo ni ìjókòó yín wà. Tó bá jẹ́ àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, ìdúró ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orúnkún yín kò lè gbà á. Tó bá jẹ́ òkè pátápátá ni, àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀. Kí ó pe ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì nísinsìnyí nípa ìjókòó tí kò la àtẹ̀gùn lọ, kó má dúró di ọjọ́ eré. Òtútù oṣù Kejì á mú yín dé ẹnu ọ̀nà, inú ilé á sì móoru, nítorí náà orí itan ni kóòtù yín máa wà. Ẹ fi báàgì ńlá sílẹ̀, èyí tí wọ́n lè rí inú rẹ̀ láti ìta ni kí ẹ gbé. Ẹ fi gèlè sílẹ̀ pẹ̀lú, mà, torí ẹni tó jókòó sẹ́yìn yín. Aṣọ búlúù tàbí pupa ni kí ẹ wọ̀. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ Kansas State ni wọ́n ń bá gbá, ẹ má sún mọ́ aṣọ elésè àlùkò, àwọ̀ tiwọn nìyẹn.

Eré fúnra rẹ̀ kò le. Ìdajì méjì ni, ogún ìṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ nítorí ìdádúró, ẹ fi wákàtí méjì sí i lọ́kàn. Ẹ máa wo aago tó wà lókè àwọ̀n: 30 ìṣẹ́jú àáyá ni ẹgbẹ́ kan ní láti ju bọ́ọ̀lù. Ibi tí èèyàn ti lè dójú ti ọmọ rẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹnìkan dá dúró síwájú àwọ̀n kó jù ú láìsí ẹni tó ń dí i. Tó bá jẹ́ àlejò, ẹ pariwo bó ṣe wù yín. Tó bá jẹ́ ọmọ Kansas, ẹ pa ẹnu mọ́ bí ìgbà tí ọmọ tuntun bá ń sùn. Tí àlejò kan bá ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ márùn-ún tí wọ́n sì lé e jáde, ẹ máa rí i tí gbogbo wọn na ọwọ́ sókè, tí wọ́n ń mì í síhìn-ín sọ́hùn-ún bí oko àlìkámà tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ bá wọn mì í.

Tí àyè bá wà, ẹ lọ láàárọ̀ sí DeBruce Center tó fara kan gbọ̀ngàn náà. Òfin 13 tí James Naismith kọ nígbà tó dá eré yìí sílẹ̀ lọ́dún 1891 wà níbẹ̀, ojú ìwé méjì tí wọ́n tẹ̀. Mílíọ̀nù 4.3 dọ́là ni wọ́n fi rà á lọ́dún 2010. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n gbé ìwé náà kọ́ kí àwọn ọmọkùnrin lè kọ́ òfin. Mo pẹ́ níwájú ìlà yẹn. Òun ni kóòṣì àkọ́kọ́ tí Kansas ní, èyí tó pàdánù sì pọ̀ ju èyí tó borí lọ. Phog Allen tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn náà, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo máa wà ní Durham, North Carolina, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé mo lè rí tíkẹ́ẹ̀tì wọ Cameron Indoor Stadium ti Yunifásítì Duke lọ́jọ́ eré? — Oníṣòwò

ÌDÁHÙN: Fún eré àwọn ọkùnrin, ó ṣòro. Ibẹ̀ kéré, 9,314 ni ìjókòó rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pàgọ́ sun ìta nítorí àwọn eré ńlá. Ẹ lọ wo ti àwọn obìnrin: gbọ̀ngàn kan náà ni, ìpele mẹ́rin ni eré wọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè rí ibi tó sún mọ́ ilẹ̀ eré. Julian Abele, aláwọ̀ dúdú, ló ya àwòrán ilé náà, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1940. Nígbà yẹn, Duke kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú. Ọdún 2016 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àgbàlá ńlá inú ọgbà. Ẹ gba Abele Quad kọjá kí ẹ tó wọlé.