Ọjà wà níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti sanwó

Àbúrò mi, o ní wọ́n gbé iṣẹ́ fún yín ní Agọ́-Ìwòyè pé kí ẹ pààlà ọjà, ìyẹn ni pé kí ẹ sọ àwọn nǹkan tí oníbàárà lè fi rọ́pò ara wọn, fún iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí aráàlú ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, ìdánwò SSNIP tí wọ́n fi ń wá ààlà bẹ́ẹ̀ sì kọ̀, kò bọ́ sí i. Kò lè bọ́ sí i. Ìdánwò yẹn ní kí a fi ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ọjà, kí a wo ibi tí oníbàárà máa sá lọ. Kí ni ìdá 5 òdo? Tí o bá sì fipá bu owó lé e, o ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹni tí ìpolówó tó pọ̀ sí i kò ní lé lọ, náírà díẹ̀ lè lé e lọ, ọjà tí o ń pààlà rẹ̀ á sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Ṣáínà rí i bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ Qihoo àti Tencent, ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì méjì níbẹ̀: ká wo ohun tí èèyàn máa ṣe bí iṣẹ́ náà bá burú sí i.

Òógùn ojú ni mo fi mọ èyí. Àwọn olóbì ní Sábó, Ṣágámù, ní kí n kọ ìmọ̀ràn lórí áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tí wọ́n fi ń tajà. Agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ mi kan takú: wọn kò san kọ́bọ̀, ọjà wo ló wà níbẹ̀? Mo lọ jókòó ti ìyá kan nídìí apẹ̀rẹ̀. Ó ń pa gbànja sí méjì, ó ń ya inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kánò, oníbàárà ń fi ohùn dá a lóhùn ní Haúsá pé kó yí i padà, òun fẹ́ wò ó bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Mo bi í léèrè: bí àwọn tó ni áàpù yìí bá ń tojú bọ ọ̀rọ̀ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibo lẹ máa gbà? Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán kì í gbé fọ́tò. Ìpè kò lè fi kòkòrò hàn. Áàpù mìíràn wà lórí fóònù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló fi síbẹ̀, àmọ́ àwọn ará Kánò kò sí lórí rẹ̀.

Ibi tí ìyá yìí kò ti rí ohun tó lè fi rọ́pò áàpù náà gan-an ni ààlà wà, ohun tí mo sì kọ nìyẹn.

Pààlà ti àwọn olùpolówó lọ́tọ̀ o. Àwọn ń sanwó, SSNIP sì lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn.

Jámánì ti kọ ọ́ sínú òfin láti 2017 pé àìgbowó kò ní kí ọjà má wà. Nílé níbí, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdíje àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta tó ni WhatsApp ní oṣù Keje 2024 lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp, tí aráàlú ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ lórí ìdíje fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin 2025. Ka ìdájọ́ yẹn ná, lẹ́yìn náà kó o wá àwọn tó ń lo nǹkan tí o fẹ́ kọ nípa rẹ̀, kí o bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo bi ìyá olóbì.