Àga àti ife fún ọmọ tí kò lè dá jókòó

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 3, ṣùgbọ́n kò lè dá jókòó nítorí àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní cerebral palsy. Bí mo bá ń bọ́ ọ, oúnjẹ máa ń há a lọ́fun. Kí ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá wa. Àga ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó ronú ṣíbí. Bí orí ọmọ bá ṣubú sẹ́yìn nígbà tó ń jẹun, oúnjẹ lè tètè gba ọ̀nà èémí. Nítorí náà, títẹ́ ẹ sórí itan láti rọ ọ́ lẹ́kọ, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, léwu púpọ̀ fún un. Káfíńtà àdúgbò lè kan àga tí pákó méjì pàdé ní igun lẹ́yìn rẹ̀, kí èjìká ọmọ lè wá síwájú, tí ó ní bẹ́líìtì ní ìbàdí àti pákó tí yóò gbẹ́sẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí oníṣègùn fisiotẹ́rápì, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, kọ́kọ́ wọn ọmọ náà.

Ní ti omi, ẹ gé ẹnu ife oníke rírọ̀ ní apá kan bí òṣùpá tuntun, kí ẹ sì fi ọwọ́ yẹ etí rẹ̀ wò kí ó má baà mú. Ibẹ̀ ni imú rẹ̀ yóò wọ̀, tí yóò fi mumi láìgbé orí sẹ́yìn. Ṣíbí rọ́bà tí kò jìn ló dára, nítorí ọmọ tó ń deyín mọ́ irin lè fi ṣèṣe.

Bí oúnjẹ bá há a lọ́fun, tí ó ń wúkọ́, tí ikọ́ náà kò sì dáwọ́ dúró, tàbí tí ibà tẹ̀ lé e, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.