Ìwé Orí Fóònù Tí Mo Ti Kà Tán, Ṣé Mo Lè Tà Á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọlọ́ọ̀tú. Owó ara mi ni mo fi ń ra ìwé sórí fóònù, mo sì ti ka èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tán. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun máa rà wọ́n ní àlòkù. Mo tún ní ètò kọ̀ǹpútà kan tí mo sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí láé ni àṣẹ rẹ̀. Àbúrò mi ní tí mo bá ta èyíkéyìí níbẹ̀, olè ni mo jà. Ṣé lóòótọ́ ni? — Òǹkàwé yín.

Ìdáhùn: Ẹnu àbúrò yín le o! Olè ti pọ̀ jù, àmọ́ lórí ti ìwé, òfin ò sí lẹ́yìn yín.

Ìwé onítákàdá ló ń tàn yín. Ìyẹn ti yanjú láti 1908. Bobbs-Merrill, ilé ìtẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wọn kan pé ẹni tó bá tà á ní iye tó dín sí dọ́là kan ti rú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ilé ìtajà Macy's ò dá wọn lóhùn, sẹ́ńtì 89 ni wọ́n ń tà á. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní tí oníǹkan bá ti ta ẹ̀dà kan, tó gbowó ẹ̀, agbára rẹ̀ lórí títà ẹ̀dà yẹn tán nìyẹn.

Fáìlì ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2011, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ReDigi, bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbọ́n, mo gbà fún wọn: bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń fa orin kúrò lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń tà á díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń pa ibi tó ti fà rẹ́, kí orin kan má baà di méjì. Pàbó ló já sí. Kóòtù ní 2013, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2018, ohun kan náà ni wọ́n sọ: ohun tó dé orí ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀dà tuntun ni, òfin tó ní kí ẹ tà kò ní kí ẹ dà á kọ.

Yúróòpù ni ètò kọ̀ǹpútà yín ti rí ojúrere. Ní 2012, nínú ẹjọ́ UsedSoft, tó ń ta àṣẹ ètò kọ̀ǹpútà àlòkù, àti Oracle, tó ṣe ètò náà, ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní irú rẹ̀ ṣeé tà, bí ẹni tó ń tà á ò bá ní lè lo tiẹ̀ mọ́, tí kò sì gé àṣẹ náà sí wẹ́wẹ́ láti ta apá kan rẹ̀. Àmọ́ ní 2019, nínú ẹjọ́ Tom Kabinet, ilé iṣẹ́ tó ń ta ìwé orí ẹ̀rọ ní àlòkù, àwọn kan náà ló ní ìwé orí ẹ̀rọ ò ṣeé tà ní àlòkù láìgba àṣẹ. Wọ́n ní kì í gbó, àlòkù rẹ̀ bí tuntun ni, yóò pa òǹkọ̀wé lára. Ìdí yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ètò kọ̀ǹpútà ńkọ́, ṣé òun ń gbó ni?

Tó bá jẹ́ Yúróòpù lẹ wà, ẹ yọ ètò yẹn kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín pátápátá kí ẹ tó tà á, kí ẹ sì kó rìsíìtì rẹ̀ fún ẹni tó rà á. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, ẹ ka àdéhùn rẹ̀ ná: bó bá ní àṣẹ ìlò lásán ni wọ́n fún yín, tó ka gbígbé e fún ẹlòmíì léèwọ̀, tó sì fi ààlà sí bí ẹ ṣe lè lò ó, kóòtù kan níbẹ̀ ti sọ ní 2010 pé kò ṣeé tà.

Ní ti ìwé, ọ̀nà tí kóòtù Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ ni kí ẹ ta ẹ̀rọ tí ẹ kọ́kọ́ gba fáìlì sí gan-an, tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ta ló fẹ́ ta fóònù torí ìwé? Ẹ má sì fún ọ̀rẹ́ yín ní ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì tí ẹ fi ń ra ìwé o. Ilé ìtajà lè ti àkáǹtì yẹn pa, kí gbogbo ìwé yín bá a lọ.