Ẹ Bi Wá: Tí Wọ́n Bá Fi Àlọ́ Ṣe Kérésì Nínú Ilé Ńlá Àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ńlá àtijọ́ kan ní ìgbèríko Yorkshire tí wọ́n fi àlọ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún Kérésì. Ó rẹwà, àmọ́ inú ilé ṣókùnkùn. Àbí owó iná ni wọ́n ń ṣọ́? (Ìyá Ìbejì, Leeds)

Ìdáhùn: Ahun kọ́, mà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ba aṣọ àti ìwé jẹ́. Àwọ̀ tó bá ti ṣí kò ní padà mọ́. Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Níbi tí aṣọ ògiri tàbí àwòrán orí ìwé bá wà, wọn kì í sábà jẹ́ kó ju 50 lux lọ. Àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró yà lè gba nǹkan bí 200. Ọ́fíìsì lásán ń lo 300 sí 500. Ìdí nìyẹn tí kọ́tìnì fi wà ní pípadé. Tí ẹ bá wọlé, ẹ dúró díẹ̀ kí òkùnkùn mọ́ yín lójú, ẹ má sì tan fíláàṣì. Ìta ni iná pọ̀ sí. Oòrùn oṣù Kejìlá máa ń wọ̀ níbẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, torí náà ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì aago mẹ́ta, ẹ ó rí inú ilé àti iná ìta.

Ìbéèrè: Ìjọ wa fẹ́ gba gbọ̀ngàn irú ilé bẹ́ẹ̀ fún Kérésì àwọn ọmọdé. A ní ilé bisikíìtì inú àlọ́ Hansel àti Gretel, kẹ̀kẹ́ ẹṣin elégédé inú àlọ́ Cinderella, àti àbẹ́là lọ́kàn. Alábòójútó ilé ní òun ò gba ìkankan. (Olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, Birmingham)

Ìdáhùn: Ó jàre. Ìtàgé lẹ fẹ́ gbé sínú ilé náà. Kò gbọdọ̀ sí ohun tó máa fara kan ògiri. Àbẹ́là oníbátìrì ni kí ẹ lò, kí síkírúù sì ti ojú ibi tí bátìrì wà, torí bátìrì pẹlẹbẹ tí ọmọ bá gbé mì lè jó o lọ́nà ọ̀fun.

Elégédé gidi á rà nínú ilé tó móoru, omi rẹ̀ á sì jò sórí pákó. Ẹ fi wáyà ṣe egungun rẹ̀, ẹ fi bébà àti gọ́ọ̀mù bò ó ní ìpele ìpele, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó kùn ún. Páálí àti fóòmù ni kí ẹ fi ṣe ilé bisikíìtì. Eku tó bá tẹ̀lé èérún wọlé kò ní bá yín padà sílé.

Igi Kérésì gidi ló ní wàhálà jù. Lọ́jọ́ tí ẹ máa gbé e wọlé, ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kúrò nídìí rẹ̀, kí ẹ kì í bọ omi lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, oje á dí ojú ibi tí ẹ gé. Igi ò ní lè fa omi mọ́, ewé á máa já. Ẹ bu omi sí i láràárọ̀, ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ rẹ̀, kó sì jìnnà sí ẹ̀rọ amúlé-gbóná. Ewé tútù mìíràn lè gbé kòkòrò wọlé: ọjọ́ 3 nínú fírísà −30°C, tàbí ọ̀sẹ̀ 2 ní −18°C, ló ń pa wọ́n.

Gílítà àti téèpù? Ẹ gbàgbé ẹ. Gílítà á há sáàárín pákó, téèpù á bó ọ̀dà wúrà.

Ìbéèrè: Ṣé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni igi Kérésì ti ń wà níbẹ̀? (Bàbá Àgbà, Manchester)

Ìdáhùn: Rárá, sà. Ẹ wo Castle Howard, ilé ńlá àtijọ́ kan ní Yorkshire: ọdún 1699 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ewé holly àti ivy ni wọ́n ń lò nígbà yẹn. Ọdún 1800 ni Queen Charlotte, ọmọ Jámánì tó jẹ́ ìyàwó Ọba George Kẹta, gbé igi kalẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Windsor. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Àwòrán Queen Victoria àti ìdílé rẹ̀ nídìí igi, tí ìwé ìròyìn kan gbé jáde ní 1848, ló mú kó tàn kálẹ̀.