Olùkọ́ tó fẹ́ kọ ìwé ìtàn àròsọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí, ó sì máa ń rẹ̀ mí kí n tó délé. Báwo ni mo ṣe lè parí ìwé ìtàn àròsọ mi?

Ìdáhùn: Olùkọ́ ni olóògbé D. O. Fágúnwà náà nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938. Ní tèmi, ìdájí ni mo máa ń kọ̀wé, kí ariwo ilé tó bẹ̀rẹ̀; bí ojú ìwé kan péré bá jáde, ó tó mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àmì ohùn sí i lójú ẹsẹ̀, nítorí mo kọ ọ́ rí pé ìyá àgbà na "igba" síta, nígbà tí mo sì padà dé ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, n kò mọ̀ mọ́ bóyá igbá omi ni tàbí igba náírà.