Ṣé Ká Kó Àwọn Ọmọ Yìí Kúrò Lọ́dọ̀ Ìyá Wọn Ni?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń dáwó jọ lọ́dọọdún, a ó fi ra báàgì àti ìwé fáwọn ọmọ tí òbí wọn ò rí já jẹ. Ní báyìí, obìnrin kan wà tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta, àbíkẹ́yìn ò tíì pé ọmọ ọdún méjì, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kì í sì í lọ sùkúù déédéé. Àwọn kan nínú wa ní ká kó àwọn ọmọ náà lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí, wọ́n ní tá a bá fún ìyá wọn lówó, ìnákúnàá ló máa ná an. Kí lẹ rí sí i? – Ẹni Tọ́rọ̀ Kàn

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan kan, torí ọ̀rọ̀ kíkó ọmọ lọ yìí ló já mi láyà jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn lọ síbì kankan. Ẹ ò sọ pé ìyá yẹn ń fìyà jẹ wọ́n, owó ni ò ní, àìlówó ò sì tó ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn.

Ní 2000, àwọn onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Bucharest, ní Romania, lórí ọmọ 136 tó ń gbé nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Wọ́n mú ìdajì wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbàtọ́, ìdajì tó kù wà níbi tí wọ́n wà. Àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé, ọpọlọ wọn jí ju tàwọn tó kù lọ, pàápàá àwọn tó tètè kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Ṣẹ́ ẹ rí i, nírú ilé yẹn, ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹni tó gbé e láàárọ̀ kọ́ ló máa gbé e lálẹ́, ọmọ á sunkún títí á fi dákẹ́ fúnra ẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Ní 1997, ìjọba Mexico bẹ̀rẹ̀ ètò Progresa, ọwọ́ ìyá gan-an ni wọ́n ń fowó sí, kí ọmọ ṣáà ti máa lọ sùkúù, kí wọ́n sì máa gbé e lọ sí kílíníìkì. Owó ọmọbìnrin tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì tiẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, torí àwọn ni wọ́n máa ń tètè yọ kúrò. Àwọn ọmọ tó ń lọ sùkúù pọ̀ sí i lóòótọ́. Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ Báńkì Àgbáyé kan sì kó ìwádìí látoríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ ní 2014, wọn ò rí i pé irú owó bẹ́ẹ̀ ń lọ sórí ọtí àti sìgá. Torí náà, ẹ fọkàn tán an. Ẹ bi í ohun tí kì í jẹ́ káwọn ọmọ lọ sùkúù, ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló ń dúró ti àbúrò nílé kí ìyá lè ráyè ṣiṣẹ́, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ni báàgì tuntun fẹ́ ṣe sí i?

Àbíkẹ́yìn yẹn ló sì yẹ kẹ́ ẹ mójú tó jù, torí kò sẹ́ni tó ń ra báàgì fún ọmọ ọdún kan. Ní Jamaica, ní nǹkan bí 1986, wọ́n ṣa ọmọ 129 tí àìjẹunrekánú ò jẹ́ kí wọ́n ga tó ẹgbẹ́ wọn, wọn ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ọdún méjì gbáko làwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń lọ sílé àwọn kan nínú wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún nǹkan bíi wákàtí kan, tí wọ́n ń fi han ìyá bó ṣe lè bá ọmọ ẹ̀ ṣeré, kó máa dárúkọ nǹkan fún un, kó máa yìn ín tó bá gbìyànjú, páálí àti ike òfìfo ni wọ́n fi ń ṣe ohun ìṣeré. Lẹ́yìn ogún ọdún, owó tó ń wọlé fún wọn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju tàwọn tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn tó jẹ́ pé mílíìkì nìkan ni wọ́n fún, èrè ẹ̀ ò bá wọn dàgbà.

Nítorí náà, owó tẹ́ ẹ̀ ń ná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yẹn, ẹ pín in sí oṣooṣù fún ìyá náà, kẹ́nì kan nínú yín tó ní sùúrù sì kọ́ iṣẹ́ yìí, kó máa yọjú sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ó lè ní ohun míì lọ́kàn. Ẹ má sì ya fọ́tò àwọn ọmọ ẹ̀ sórí Facebook.